Kọ̀ǹpútà Kọ̀, Kò Tàn: Ṣé Owó Oṣù Òṣìṣẹ́ Ni Yóò Fara Gbá A?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó àfikún, kì í sì í ṣe ti bàtà àti ìbọ̀wọ́ tí àwọn ọ̀gá ti ń ṣèlérí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa wí pé kí ni ó kan ẹni tí ń fi sípánà jẹun nípa kọ̀ǹpútà. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ̀rọ yìí ti wà lẹ́nu géètì, ó wà níbi tí a ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ó wà níbi tí a ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì, òun náà ni a sì ń fi ìka tẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó gbà pé a wá sí ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí ó bá kọ̀ tí kò tàn, àwa ni a ó kọ́kọ́ rí ìjà rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù ni èyí. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n fún akọ̀wé kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ní kúẹ́rì. Òun ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ibi òṣùwọ̀n ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba update fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń gbà á lọ́wọ́ ni iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà. Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀rọ kò dìde mọ́. Ojú rẹ̀ dúdú, àwọn àmì kéékèèké kan kàn ń yí po lójú kan náà bí ẹni tí ó sọnù sínú igbó. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ẹrù tò láti ẹnu géètì dé ojú títì, awakọ̀ ń pariwo, oníbàárà ń tẹ fóònù. Dípò kí àwọn ọ̀gá wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ìwé ni wọ́n jókòó kọ. Wọ́n ní kí akọ̀wé náà ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní máa yọ owó kọ̀ǹpútà titun nínú owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi pé.

Ọmọkùnrin náà kò gbé ẹ̀rọ ṣubú, kò da omi sí i, kò fi nǹkan ajèjì bọ inú rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní àṣẹ láti sọ pé kí ẹ̀rọ má gba update lálẹ́, nítorí pé ẹ̀ka tí ń mójú tó kọ̀ǹpútà ti ti ibẹ̀ pa mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka mìíràn ni ó wá jókòó ti ẹ̀rọ náà, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti dìde, gbogbo àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ sì pé, kò sí ẹyọ kan tí ó sọnù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú, tí wọ́n fẹ́ fi owó oṣù ènìyàn sin, wà láàyè. Kúẹ́rì nìkan ni kò tíì jáde kúrò nínú fáìlì.

Ìdúró wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Kọ̀ǹpútà tí ó dákú nítorí update kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò tàn kì í ṣe òkú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí a tó fa òfin yọ, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ohunkóhun tí ọ̀gá bá wí fún un ni yóò gbà.

Kọ̀ǹpútà kì í jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ètò kékeré kan tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ gan-an ni ó kọ́kọ́ ń jí. Ẹ fi í wé ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Òun ni yóò wò ó bóyá kíbọ́ọ̀dù wà, bóyá ojú ẹ̀rọ wà, bóyá dísíkì tí a ń tọ́jú iṣẹ́ sí wà níbẹ̀. Bí ó bá rí wọn, yóò pe fómáànù, èyíinì ni ètò kan lórí dísíkì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí Windows lọ. Windows ni máníjà. Òun náà kò lè dá ṣiṣẹ́, ó ní láti pe ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kéékèèké tí ń bá ojú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti òṣùwọ̀n sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ipò wọn ṣe pàtàkì kò bá sí, tàbí tí ó dé pẹ̀lú wèrè, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Update ni àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Windows ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè, láti fi dí ihò tí olè lè gbà wọlé tàbí láti fi pààrọ̀ ohun tí ó ti gbó. Nígbà tí ó bá ń wọlé, ńṣe ni a ń pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí. Bí iná bá lọ ní àárín méjì, ti àtijọ́ lè ti jáde, kí titun má tíì jókòó dáadáa. Ẹ̀yin mẹ́káníìkì mọ èyí jù wá lọ. Bọ́ọ̀sì tí a tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ tí òjò wá lé wa kúrò nídìí rẹ̀ kò lè rìn. Ṣùgbọ́n ẹrù èrò tí ó wà nínú búùtù rẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó jí i? Níbẹ̀ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọsílẹ̀ yín. Ibi tí Windows ń gbé lórí dísíkì yàtọ̀ sí ibi tí ìwé yín ń gbé. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò tàn, nítorí náà ohun gbogbo ti lọ, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Kí ó má ba à dà bí ẹni pé nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nílẹ̀ wa nìkan ni irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Keje, 2024. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, CrowdStrike ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kí olè má bà á jẹ́. Ní aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 9 òwúrọ̀ ní aago ti ilẹ̀ wa, ó fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ṣọ́. Fáìlì náà ní àléébù. Ètò tí ń kà á ní àyè fún nǹkan 20, fáìlì ní kí ó ka ìkọkànlélógún, ó sì nawọ́ síbi tí kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ tí ó gbà á ṣubú lójú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ di aláwọ̀ búlúù. Bí ó ti ń gbìyànjú láti dìde ni ó tún ń ka fáìlì náà, tí ó tún ń ṣubú. Ìṣẹ́jú 78 péré ni wọ́n fi rí àṣìṣe náà tí wọ́n sì fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Microsoft fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ó kàn. Iye yìí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows ní ayé, síbẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn padà sídìí ìwé, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Lọ́ńdọ̀nù kúrò lórí afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fagi lé nǹkan bí ìrìn àjò 7,000 láàárín ọjọ́ márùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ sì sọ ní gbangba pé àdánù náà tó mílíọ̀nù 500 dọ́là.

Báwo ni wọ́n ṣe wá gbé àwọn ẹ̀rọ náà dìde? Níbi yìí ni ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ti ní láti fetí sílẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan tí ó jókòó sí ọ́fíìsì tí ó tẹ bọ́tìnnì kan tí gbogbo wọn jí. Ẹ̀rọ tí kò tàn kò lè gbọ́ àṣẹ láti òkèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó rìn láti ìdí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, nínú pápá ọkọ̀ òfuurufú, nínú ilé ìwòsàn, nínú ilé ìtajà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọn a tan ẹ̀rọ sí ipò tí a ń pè ní Safe Mode, wọn a wọ inú àpò tí CrowdStrike kó fáìlì rẹ̀ sí, wọn a wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291, wọn a pa á rẹ́, wọn a sì tún ẹ̀rọ tàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àwọn mìíràn, Microsoft ní kí wọ́n sáà máa pa á kí wọ́n máa tàn án, pé ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó gbà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan lórí ẹ̀rọ kan, ṣùgbọ́n ẹ wá sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà tó lè sọ pé nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín èyí, CrowdStrike fi ìwé owó oúnjẹ dọ́là 10 ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò tí wọ́n ti ń sá sókè sá sódò, pé kí wọ́n fi ra kọfí. Nígbà tí àwọn kan sì fẹ́ lò ó, kò ṣiṣẹ́. Dọ́là mẹ́wàá!

A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni yọ owó mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà nínú owó oṣù àwọn akọ̀wé tí ó jókòó níwájú wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá àgbà kan ní ilé-iṣẹ́ náà ni ó lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án, 2024, tí ó sì tọrọ àforíjì. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ó wá ku bí a ó ṣe ṣe tiwa. A ti bá àwọn ọmọ wa tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn jókòó, ohun tí wọ́n sọ, tí a sì fi ojú ara wa rí, ni a ń kọ sílẹ̀ yìí.

Sùúrù ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ lè wà lórí update kan fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ dúró sójú kan kí ẹ rò pé ó ti gan. Bí iná kékeré ara rẹ̀ bá sì ń ṣẹ́jú, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a sọ pé update pa, ọwọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni ó pa á. Bí ó bá dájú pé kò mira mọ́, ẹ yọ fláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé fláàṣì tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́yìn ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti jí láti inú rẹ̀, tí a ó sì máa wí pé Windows ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ di bọ́tìnnì iná rẹ̀ mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí yóò fi kú, kí ẹ sì tún un tàn. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, Windows yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ara òun kò dá, yóò sì gbé ojú ewé àtúnṣe kan jáde. Ẹ yan Troubleshoot, lẹ́yìn rẹ̀ Advanced options. Oògùn wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Startup Repair ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, òun ni yóò yẹ ọ̀nà tí fómáànù ń gbà pe máníjà wò. Bí kò bá ràn án, ẹ lọ sí Uninstall Updates, kí ẹ sì yọ update tí ó dé kẹ́yìn. Lójú tiwa èyí ni ó ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ó bá jẹ́ pé update ni ó dá wàhálà sílẹ̀, òun náà ni ó sì gbé ẹ̀rọ òṣùwọ̀n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan dìde. System Restore wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń dá ètò ẹ̀rọ padà sí bí ó ti wà lọ́jọ́ kan ṣáájú láìfọwọ́ kan ìwé yín, ṣùgbọ́n àfi bí ẹnì kan bá ti ṣí i sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Safe Mode náà wà lábẹ́ Startup Settings. Ẹ̀rọ yóò pa, yóò tún tàn, ẹ ó sì tẹ 4. Níbẹ̀, Windows ń dìde pẹ̀lú ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ tí kò lè ṣe aláìní, bí ilé-iṣẹ́ tí ń fi èèyàn díẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún, èyí sì ń fún yín láyè láti yọ oníjàgídíjàgan kúrò nínú wọn.

Bí ojú ewé àtúnṣe náà kò bá jáde rárá, ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú fláàṣì tí kò kéré sí 8GB tí kò sí ohun iyebíye lórí rẹ̀. Microsoft ń fún ènìyàn ní ètò Windows lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbé sórí fláàṣì, dátà nìkan ni yóò ná yín, kì í sì í ṣe dátà kékeré. Ẹ tan ẹ̀rọ tí ń ṣàìsàn láti inú fláàṣì náà. Ẹ ṣọ́ra níbi yìí: yóò fi ohun méjì hàn yín, Install àti Repair. Repair ni kí ẹ yàn. Ẹni tí ó bá kánjú tẹ Install, tí ó sì ń tẹ̀ síwájú láìwò, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí update kò pa.

Ohun kan wà tí ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró lójú ọ̀nà. BitLocker ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ti dísíkì pa bí àgádágodo, kí olè tí ó bá gbé ẹ̀rọ lọ má lè ka ohun inú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà sì jẹ́ nọ́ńbà 48. Kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń tẹ̀ láràárọ̀ o. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ibi tí a kọ ọ́ sí, kò sí babaláwo tí yóò ṣí i. Ní 2024 tí a ń wí, ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tí ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan, kọ̀ǹpútà náà sì wà nínú àwọn tí ó ṣubú. Ẹni tí ó ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ inú ilé nìyẹn.

Fọ́máàtì ni kí ó kẹ́yìn pátápátá. Àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, a mọyì wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbówọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́máàtì kò jìnnà sí ẹnu wọn, nítorí pé ó yá, owó rẹ̀ sì dájú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe fọ́máàtì, kí ó kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ jáde. Ó lè yọ dísíkì náà kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí kí ó fi fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà kí ó sì kó fáìlì sórí dísíkì òde. Bí BitLocker bá wà lórí rẹ̀, a ó tún padà sí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà 48 náà.

Àwọn ará kan ti sọ fún wa pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a sáà ní kí àwọn ọ̀gá pa update tì. A kò bá wọn sọ ọ́. Ní oṣù Kẹta, 2017, Microsoft fi update kan síta láti fi dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn olè gba ihò yẹn wọlé pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní WannaCry, wọ́n ti ìwé pa mọ́ àwọn oníǹkan lọ́wọ́, wọ́n sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba dá aláìsàn padà, Renault tí ń ṣe mọ́tò sì ní láti dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan ní Faransé. Update ṣe pàtàkì. Kí a gbà á ní ọ̀sán, nígbà tí iná bá wà, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí, ni a ń wí. Ó tún wà nílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà níbi iṣẹ́ wa, Windows 10 ni ó wà lórí wọn, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún un láìgba owó dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Owó ni èyí yóò ná, owó àwọn ọ̀gá sì ni.

Nísinsìnyí, òfin. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, abala karùn-ún rẹ̀, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àyàfi bí òfin bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Lórí ohun tí ó bàjẹ́, òfin náà fi àyè kan sílẹ̀: bí àdánù náà bá wá láti inú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́, a lè yọ ìwọ̀n tí ó tọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ lórí ìwé láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Kì í ṣe àṣẹ máníjà. Kì í ṣe ti ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. A béèrè ìwé àṣẹ yìí lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ kúẹ́rì tí a sọ, wọn kò rí i mú jáde. A ti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ kúẹ́rì náà kúrò nínú fáìlì ọmọkùnrin náà, ẹ̀dà ìwé wa sì ti dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àìbìkítà yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbìyànjú láti gbà wọlé. Wọn yóò ní ẹ fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, wọn yóò ní ẹ pa á nígbà tí ó ní kí ẹ má pa á. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá kọ̀ níwájú yín, ẹ kọ aago sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ohun tí ó kọ sójú, ẹ kọ ọ́ bóyá iná lọ àti ìgbà tí ó dé, kí ẹ sì pe ẹ̀ka tí ń mójú tó o, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó gbé fóònù. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tí ó ní ẹ ó san án. Bí kúẹ́rì bá dé, ẹ mú un wá fún aṣojú ẹgbẹ́ kí ẹ tó dáhùn.

Ẹni tí ó bá rò pé a ń sọ àsọdùn kí ó ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ní Ìlú Ọba. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí Fujitsu ṣe, ń sọ pé owó kò pé nínú àpótí wọn. Irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Láàárín 1999 àti 2015, àwọn tí ó lé ní 900 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè tàbí ìwé èké, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé wọn. Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin tí ó nu ẹ̀bi náà kúrò lára ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí àwọn ọ̀gá ń tẹnu mọ́ ni pé ẹ̀rọ kò lè ṣìṣe, nítorí náà ènìyàn ni ó jalè.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yóò gbé ka orí tábìlì ni pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́nu géètì, ibi òṣùwọ̀n àti ibi tíkẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tí yóò gbé e dúró bí iná bá lọ. Kí update má wọlé ní àkókò iṣẹ́ alẹ́. Kí nọ́ńbà 48 ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé nínú àpótí irin, lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Kí a máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Kí ìwé ńlá àti kálàmù wà lẹ́nu géètì kí ọkọ̀ má ba à dúró nítorí ojú ẹ̀rọ dúdú. Kí a sì kọ́ ó kéré tán ènìyàn méjì ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a kọ sókè yìí, ní àkókò iṣẹ́, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ti bátìrì ni a ó kọ́kọ́ tẹnu mọ́, nítorí òun ni àǹfààní rẹ̀ yá jù. Bí àwọn ọ̀gá bá ní kò sí owó, a ó béèrè iye tí ọkọ̀ ẹrù tí ó dúró láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ná wọn.

Kí a lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ẹ̀yin aṣojú ní gáréèjì àti ní ilé-iṣẹ́ kọ iye kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́dọ̀ yín, irú Windows tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ní bátìrì tàbí kò ní, àti iye ìgbà tí ó ti kọ̀ láti tàn lọ́dún yìí. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ka yín sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí ìpàdé tó dé.